Ọmọrí Ìkòkò Tí Wọ́n Dá Padà Fún Mi

Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn tó jókòó sí pálọ̀ wa lọ́jọ́ fìdáù ọkọ mi, mo sì mọ orúkọ ẹni tó bí mi nínú jù nínú wọn. N ò ní kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni. Ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ ní Oregun, bí wọ́n bá sì ti délé, iná àti rédíò ni àwọn méjèèjì fi ń ṣeré.

Rédíò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ là ń gbọ́ nílé wa l'Ágége. Ọkọ mi ló kan àpótí tó ń sọ iná ilé di irú èyí tí bátìrì ọkọ̀ ń mú wá. Rẹgulétọ̀ kan wà nínú ẹ̀, ohun dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Iná tó lè gbé ò tó rárá. Bí ohùn wáàsí bá ti lọ sókè, á gbóná, á pa ara ẹ̀. Lọ́kọ mi bá fi tiransísítọ̀ ńlá kan tó lè gbé iná púpọ̀ tì í, ó lu ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ mi ní ihò, ó dè é mọ́ ọn kí ooru lè ríbi gbà. Mo bínú.

Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi, kékeré yìí ló ń díwọ̀n, àgbà yìí ló ń rù ú. Ọmọrí ẹ ló ń bá wọn fẹ́ abẹ̀bẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Àwo ni mo fi ń bo ọbẹ̀ láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn fìdáù, ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbé àpótí náà lọ, ó lóun fẹ́ tún un ṣe. Eruku ni mo rò pé ó fẹ́ nù. Nígbà tó dé, ọmọrí ló kọ́kọ́ nà sí mi, ó ti fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ tó ń dán, ihò inú ẹ̀ sì wà níbẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ gba ọmọrí yín. Jágajàga yẹn ò bójú mu."

"Kí lẹ fi rọ́pò ẹ̀?"

"Rẹgulétọ̀ méjì ni mo so pọ̀, ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Ẹrù tí ẹni méjì bá jọ rù, ṣé ó tún wúwo ni?"

Bí gbogbo àwọn tó ń wá kí mi ti ń wí nìyẹn láti ọjọ́ tí a ti sin ín: a ó jọ rù ú. Mo tan rédíò. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó kùn hùn-ùn, ó dákẹ́. Mo fọwọ́ kan àwọn méjèèjì. Ọ̀kan jó mi, èkejì tutù bí omi àmù.

"Ẹ fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan ń kú lọ, èkejì ń wòran."

Ó fọwọ́ kàn án, ó sáré fà á. "Wọn ò dọ́gba ni. A ó wá méjì tó dọ́gba."

"Ẹ dá tọkọ mi padà bó ṣe wà."

"Ìyàwó wa, ẹ ò fẹ́ ìlọsíwájú."

"Èyí tó dákẹ́ yìí nìlọsíwájú?"

Iwájú mi ló jókòó sí tó fi dá a padà, tiransísítọ̀ àti ọmọrí. Rédíò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò kùn. Ṣùgbọ́n òjé tí ọkọ mi máa ń yọ́ sí i láti fi lẹ wáyà pọ̀ kéré, ó rí roboto bí ọkà bàbà. Tọ̀rẹ́ ẹ̀ rí wúruwùru káàkiri ibẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi tó ṣẹ́kù fún mi nínú ilé yìí, aájò ló fi pa á rẹ́.

Bó bá yà kí mi, á ní, "Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

Mo ní ó ń sọ̀rọ̀. Inú mi ò tíì yọ́ sí i.