Ìyá Àgbà Tó Ń Jẹun Bí Ọbabìnrin Manchu

Ẹ̀yin èèyàn mi, off ni mo wà lónìí, ẹsẹ̀ mi wà nínú báàfù omi gbígbóná bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbi iṣẹ́, torí kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé Abu Shagara ní Sharjah ni mò ń gbé, àmọ́ ilé oúnjẹ àwọn ará China kan ní Mirdif ní Dubai ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí n tó dé Dubai láàárọ̀, gosílóò ti fa gbogbo okun inú mi tán. Tí mo bá dé, màá wọ aṣọ sílíkì gígùn, màá dúró. Ìdúró ni iṣẹ́ mi! Bí oníbàárà bá jókòó, èmi ni màá sọ ìtàn ọbabìnrin àwọn Manchu fún wọn, torí oúnjẹ ààfin rẹ̀ là ń tà.

Àwọn Manchu yìí, ẹ̀yà kan láti ìhà àríwá ni wọ́n, wọ́n sì jọba lórí gbogbo China láyé àtijọ́. Wọ́n ní tí ọbabìnrin náà bá fẹ́ jẹun, wọ́n á to nǹkan bí ọgọ́rùn-ún àwo síwájú rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún! Fún ẹnì kan! Wọ́n á ti fi fàdákà pẹlẹbẹ dán oúnjẹ wò bóyá májèlé wà níbẹ̀, ìránṣẹ́ á sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wọ́n tún ní kì í bù ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ nínú àwo kan, kẹ́nikẹ́ni má baà mọ èyí tó fẹ́ràn. Ṣé òótọ́ ni àbí àròsọ? Èmi ò mọ̀ o. Mo kàn ń sọ ọ́, mò ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn ń dùn mí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí madam wa, ẹni tó ni ilé oúnjẹ náà, mú ìyá rẹ̀ wá láti China. Ọkọ màmá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, kò sì sí ẹlòmíì tí wọ́n jọ ń gbé. Màmá ti darúgbó, ó rí kékeré bí ọmọ ilé ìwé, Manchu sì ni òun fúnra rẹ̀. Lójoojúmọ́, madam á mú un wá lọ́sàn-án, á fi í sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, á ní ká gbé oúnjẹ fún un. Èmi ni wọ́n yàn.

Ẹ wá wo oúnjẹ! Pẹ́pẹ́yẹ sísun, ẹja tútù, ọbẹ̀ olú, oríṣiríṣi. Màmá á bu díẹ̀ nínú èyí, á bu díẹ̀ nínú tọ̀hún, á ti àwo kúrò níwájú. Khalas, ó parí.

Àwọn ará kíṣìnì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọbabìnrin ti dé, ẹ̀rù májèlé ń bà á! Àmọ́ èmi ń rí i pé aṣọ ń fẹ̀ sí i lọ́rùn. Madam gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n ní kò sí àrùn kankan lára rẹ̀. Kúùkù pààrọ̀ oúnjẹ títí ó fi sú u.

Lọ́jọ́ kan madam pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Ó ní n kò gbọdọ̀ gbé àwo kúrò mọ́, kí n dúró ti màmá títí yóò fi jẹun. Visa mi sì ń parí lọ, ọwọ́ rẹ̀ ló wà bóyá wọ́n á tún un ṣe. Ẹ sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń fipá bọ́ ìyá oníyàá?

Mo dúró. Màmá ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

Ó wá di ọjọ́ kan tí èrò pọ̀ gan-an. Láti àárọ̀ n kò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Bí mo ṣe gbé oúnjẹ màmá wọlé báyìí, òòyì kọ́ mi. Mo yára di àga mú. Òfin ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ jókòó lẹ́nu iṣẹ́, ká má tíì sọ pé kó jẹun, àmọ́ ebi ò mọ òfin. Mo jókòó gbì! Àpò mi wà ní igun yàrá yẹn, mo fa abọ́ mi yọ: ìrẹsì àná àti ata díndín. Mo fọwọ́ bẹ màmá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Màmá fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ti àwo pẹ́pẹ́yẹ sọ́dọ̀ mi. Ó wá na igi tínrín méjì tí wọ́n fi ń jẹun sínú abọ́ mi, ó bu ìrẹsì jẹ! Ata ta á, ó wúkọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tún bù ú. A jọ jẹ ìrẹsì yẹn tán, a sì jẹ pẹ́pẹ́yẹ kan egungun.

Ló bá sọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ̀, fóònù sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní láti kékeré lòun ti ń gbọ́ ìtàn ọbabìnrin yẹn. Ẹnu máa ń ya àwọn èèyàn nítorí ọgọ́rùn-ún àwo, àmọ́ àánú ẹ̀ ló máa ń ṣe òun, torí ọbabìnrin náà nìkan ló ń jókòó jẹun, gbogbo èèyàn tó kù á dúró máa wò ó. Ó ní inú àwo kan náà lòun àti ọkọ òun ti ń jẹun látìgbà táwọn ti fẹ́ra.

“Níbí,” ó ní, “gbogbo yín ń dúró wò mí.”

Ibẹ̀ la wà tí supervisor wa fi ṣílẹ̀kùn. Ó pariwo, ó sì sáré lọ pe madam. Mo dìde, ìrẹsì ṣì wà lẹ́nu mi. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ilé ti yá.

Madam dé, ó wo àwọn àwo tó ṣófo. Màmá bá a sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, ọ̀rọ̀ náà gùn. N kò gbọ́ ẹyọ kan, àmọ́ mo rí i tí madam dorí kodò. Ó ní kí supervisor jáde. Ó fa àga tí mo ti dìde, ó jókòó, ó ní kí n lọ mú àwo kan sí i wá. Kò dúpẹ́, kò wojú mi. Mo gbé àwo wá, mo padà síbi ìdúró mi.

Láti ọjọ́ náà, madam fúnra rẹ̀ ló ń bá ìyá rẹ̀ jẹun lọ́sàn-án. Màmá ti ń lẹ́ran lára. Wọ́n ti tún visa mi ṣe. Gosílóò Sharjah ṣì wà bó ṣe wà, ó ṣì ń rẹ̀ mí.

Àmọ́ mo pe màámi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ní, “Màámi, ta ló ń bá yín jẹun?” Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Wọ́n wá fèsì. Wọ́n ní, “Èmi kì í tiẹ̀ jókòó. Orí ìdúró ni mo máa ń jẹ ẹ́ ní kíṣìnì, kí n lè tètè ṣe tán.”

Fìríìjì tí mo rà fún wọn kún fún oúnjẹ o! Mo rò pé mo ti ṣe gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Ní báyìí, tí mo bá ti wà ní off, èmi àti màámi á gbé fóònù síwájú, a jọ jẹun. Ẹ̀bà la jẹ lónìí. Nẹ́tíwọ̀kì ń já, a ń pe ara wa padà. Wọ́n jókòó.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò jẹun ló ṣaláìní oúnjẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ta ló ń bá ìyá yín jẹun? Ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ bi wọ́n, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tí wọ́n bá sọ síbí fún mi.