Ẹ̀mú Bàbá Mi

Ẹ̀mú ni bàbá mi ń pè é. Àbúrò mi tó ń ṣe iṣẹ́ iná ní Ṣàgámù ń pè é ní púláyà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ mú, tó jẹ́ pé wáyà nìkan ló ń gé, á ní kọ́tà nìyẹn. Bàbá ò ráyè ìyẹn. Ohun tó bá ti lè gé wáyà tàkúté, ẹ̀mú ni, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ní Àkaka tí à ń gbé, ẹni tó bá ń dẹ wáyà fún ọ̀yà kì í lọ sóko láìmú ẹ̀mú dání. Bí ẹran bá ṣe ń fà á ni wáyà ń fún un sí i, ọwọ́ lásán kò lè tú u. Ẹlòmíràn kì í sì í fọwọ́ kan tàkúté tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó dẹ ẹ́ ni yóò gé e.

Ṣùgbọ́n Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Wọ́n á dẹ wáyà, wọn ò ní rántí padà lọ wò ó. Ewúrẹ́ ìyá kan ládùúgbò wa kú sínú ọ̀kan létí oko ẹ̀gẹ́. Ìyá náà ò bínú. Ó kàn sọ fún mi pé, "Ọ̀nà ibẹ̀ làwọn ọmọ mi ń gbà lọ pọnmi o."

Àbúrò mi ní ká gba ẹ̀mú lọ́wọ́ Bàbá. Mo jágbe mọ́ ọn: "O gbà á tán, ta ni yóò wá gé èyí tó wà nínú igbó?" Àwa méjèèjì ò kúkú mọ ibi tí wọ́n dẹ ẹ́ sí.

Mo bẹ Bàbá pé ká jọ lọ gé gbogbo rẹ̀. Wọ́n mú ẹ̀mú, wọ́n ṣíwájú. Mo rò pé a ó kàn rìn gbéregbère ni, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn mọ ohun tí ẹnu wọn ò lè sọ mọ́. Wọ́n á dúró, wọ́n á fẹsẹ̀ ya koríko, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wáyà á já. Èyí tó gbẹ̀yìn wà lójú ọ̀nà odò gan-an.

"Ṣé èmi ni mo dẹ èyí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Wọ́n gé e, wọ́n sì gbé ẹ̀mú lé mi lọ́wọ́. Omi lé ròrò sójú wọn. "Fi pamọ́. Bí mo bá bèèrè, sọ pé ó ti sọnù. Bí mo tiẹ̀ ń sunkún, má fún mi."

Mo fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi. Ó dùn mí ju ọjọ́ tí a sin ìyá mi lọ, torí ìyá mi ò mọ̀ pé òun ń lọ.

Bílẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, wọ́n á jáde. "Yèsí mú ẹ̀mú mi?" Màá ní ó ti sọnù. Wọ́n á ní ká tètè wá a, pé wáyà lè wà nínú igbó tí yóò mú ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n á máa fọwọ́ tú ewé gbígbẹ. Èmi náà á bẹ̀rẹ̀ tì wọ́n, a ó sì jọ máa wá a.