Ìwé Tíṣà Íńdíà Tí A Ń Sá Pẹ̀lú Kòkó

Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ni ìyá mi ti wẹ̀, tó ti wọṣọ, bí ẹni pé òun náà ń bá mi lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, kò lè gun ọ̀kadà mọ́. Ó fi aṣọ funfun di ìwé tí mo fẹ́ gbé lọ sí ilé ìkàwé n'Íkẹ́rẹ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Bi ọ̀n léèrè bí mo tọ́jú ùwé yìí dáadáa," ó ní. "Éè ṣe ti wa. Mi éè fẹ́ kú kí ẹrù ẹlẹ́rù wà l'ulé mi."

Nígbà tí mo wà ní girama, àwọn tíṣà láti Íńdíà pọ̀ ní agbègbè wa. Ọ̀kan nínú wọn, tíṣà ìṣirò, háyà yàrá kan nílé wa lẹ́yìn Ìsẹ̀-Èkìtì. Nígbà tí ó fẹ́ lọ lo ìsinmi nílé, ó fi ìwé kan sọ́wọ́ ìyá mi. "Pusitákàmù" ló ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ìwé lédè wọn. Bàbá bàbá rẹ̀ ló tẹ ìwé náà ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ewé àti egbò ló wà nínú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì rí róbótó bí ìkarahun ìgbín. Bàbá àgbà náà tún fi yíǹkì búlúù kọ̀wé kún gbogbo etí ojú ìwé. Tíṣà sọ fún ìyá mi pé èyí tí wọ́n tẹ̀ lè wà níbòmíràn, ṣùgbọ́n èyí tí bàbá àgbà òun fọwọ́ kọ, kò sí èkejì rẹ̀ láyé. Ó lọ, kò sì padà wá. Lẹ́tà tó ń kọ sí wa náà dáwọ́ dúró.

Ìyá mi kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ ohun tí ikán ń ṣe. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá dé tí a ń sá kòkó, ó máa ń tẹ́ ẹní ọ̀tọ̀ fún ìwé náà, á ṣí i sílẹ̀ nínú oòrùn, á máa yí ojú rẹ̀ padà. Bí mo bá wálé fún Kérésì, èmi ni mo máa ń gbé e jáde, tí mo sì ń ṣí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ la rò.

Ọ̀kadà gba ẹgbẹ̀rún náírà lọ́wọ́ mi dé gáréèjì Ìsẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀. Àwa mẹ́rin ni wọ́n fún mọ́ ẹ̀yìn.

"Bàbá tíṣà, ẹ jẹ́ kí n gbé ẹrù yẹn sí búùtù," dírẹ́bà tó mọ̀ mí sí ọ̀gá ilé-ìwé wí.

"Ìwé ni. Itan mi ló máa wà."

"Ìwé wo lẹ wá gbé mọ́ra bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ?"

"Ẹrù ẹlẹ́rù ni."

Kò tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Kòtò pọ̀ lọ́nà, ẹ̀gẹ́ sì wà lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n gbogbo kòtò tí a bá dé ló ń rọra wọ̀.

Ní ilé ìkàwé ìwádìí tí mo ń lọ n'Íkẹ́rẹ́, Ìyáàfin Àjíbádé ló ń bójú tó àwọn ìwé ilẹ̀ Éṣíà. Nílé wa, a ń fọwọ́ kí a tó jẹun. Níbẹ̀, wọ́n ní kí n fọwọ́ kí n tó kan ìwé. Àwọn ìwé láti Íńdíà, Ṣáínà àti Jàpáánù tò lọ bẹẹrẹ, pẹ̀lú ìwé ìròyìn tó dàgbà ju ìyá mi lọ. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, síbẹ̀ kọ́tìnnì tó nípọn bo gbogbo fèrèsé.

Mo ní, "Màdáàmù, ẹ ò jẹ́ kí oòrùn wọlé? Àwọn ìwé yín á hu ebu o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọ̀tá ìwé ni oòrùn."

Mo gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó tú aṣọ náà, ó ṣí ìwé, ó tan iná kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ṣì wà. Etí ojú ìwé funfun báláú. Ó tẹjú mọ́ etí náà.

"Ẹnì kan ti kọ nǹkan síbí rí. Ipa gègé nìkan ló kù. Ẹni tó tọ́jú rẹ̀ gbìyànjú, ikán ò kàn án rárá. Àmọ́ oòrùn ti jẹ yíǹkì rẹ̀."

"Ṣé kò lè padà?"

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn fún yín, Bàbá."

Ó gbé fọ́ọ̀mù wá pé kí n kọ orúkọ ẹni tó ni ìwé. Mo kọ orúkọ tíṣà, mo kọ orúkọ ìyá mi sábẹ́ rẹ̀ pé òun ni olùtọ́jú. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, ó ní àwọn yóò tọ́jú ìwé náà sọ́dọ̀, àwọn yóò sì máa wá àwọn ará ilé tíṣà.

Mo ra iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ní ẹgbẹ̀rún méjì, n kò lè jẹ ẹ́ tán. Olóúnjẹ bi mí bóyá ara mi ò yá, nítorí ọmọ Èkìtì kì í fi iyán sílẹ̀ lásán. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà, mo pinnu pé irọ́ ni n óò pa. Kí ni òótọ́ fẹ́ ṣe fún arúgbó?

Orí pèpéle ni mo bá a, ó ń dúró dè mí.

"Ọ̀n ní kí ni?"

Mo la ẹnu, irọ́ náà kò jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mo rí i," ìyá mi ní. "Ọdọọdún ni mo rí i tí ọ́ ń ṣá. Mo rò pé ojú mi li ọ́ ń ṣú." Ó bú sẹ́kún.

Òun tí kò mọ̀wé ló ń wo ìkọ̀wé yẹn lọ́dọọdún. Èmi ọ̀gá ilé-ìwé, tí ojú mi dá ṣáká, ọwọ́ mi ni mo fi ń ṣí i sínú oòrùn, n kò sì wo inú rẹ̀ rí. Ohun tí ìrìn-àjò yìí kọ́ mi nìyẹn, ó sì dùn mí wọra. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé aṣọ mi á dọ̀tí.