Erùpẹ̀ Ni, Kì í Ṣe Ilẹ̀

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Láńlọ́ọ̀dù pàdé bàbá onígbàjámọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Bàbá ru àpò erùpẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù na ìka sí pátákó ara ògiri. Ayálégbé kan ló ti gbẹ́ ilẹ̀ rí tó fi bẹ́ páìpù omi, ìdí nìyẹn tí pátákó náà fi débẹ̀. Akunlé tó kọ ọ́ kò bá àmì orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà ṣọ̀rẹ́. Ohun tó kọ ni: A KO GBODO GBE ILE NIBI.

"Bàbá, ẹ ò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Mo rí i. Èwo nínú rẹ̀ ni kí n tẹ̀ lé?"

"Èwo nínú kí ni?"

"Tó bá jẹ́ 'gbé ilé' ni, ẹ yáa lé gbogbo wa jáde. Ayálégbé lẹ pè wá, ẹ tún ní ká má gbé ilé."

"Gbẹ́ ilẹ̀ ni mo wí."

"Ìyẹn dáa. Èmi ò gbẹ́ nǹkan kan. Mo gbé ni."

"Ẹ ò gbọdọ̀ gbé ilẹ̀ náà."

"Kì í ṣe ilẹ̀. Erùpẹ̀ ni." Bàbá bá wọlé lọ. Láńlọ́ọ̀dù dúró ti pátákó rẹ̀, ó ń kà á bí ẹni pé ẹlòmíì ló ni ín.

Kòtíìtán ni wọ́n ń pe bàbá náà. Láyé ìgbà tó ń fárí, bí oníbàárà bá ní ó ti tó, tó fẹ́ dìde, bàbá á tẹ̀ ẹ́ padà sórí àga: "Kò tíì tán." Ẹni tó wá gẹrun díẹ̀, orí kodoro ló ń gbé lọ sílé.

Ohun tó mú un ru erùpẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Dókítà ní kí màmá máa jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́. Agbára wọn ò ká ẹ̀fọ́ ọjà lójoojúmọ́. Orúnkún màmá ò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, inú ọgbà sì rèé, sìmẹ́ńtì ni látòkèdélẹ̀. Bàbá ní òun á kan àpótí, òun á fi òkúta gbé e ga dé ìbàdí màmá, òun á sì kọ ebè sínú rẹ̀.

"Ìwọ kọ́ lo máa bẹ̀rẹ̀ mọ́," ó sọ fún un. "Ebè ló máa dìde."

Pákó orí ààtàn ló fi kan àpótí àkọ́kọ́, ìṣó nìkan ló rà. Ó kàn án dé pinpin, omi ò ríbi jáde. Òjò rọ̀, ebè di adágún. Ẹ̀fọ́ kú, ọ̀pọ̀lọ́ kó wọlé.

"Bàbá, ó tán nìyẹn," ni Láńlọ́ọ̀dù wí.

"Kò tíì tán. Ẹ ò gbọ́ igbe wọn ni? Ó kéré tán, nǹkan kan ti hù."

Ó dá ìdí àpótí lu, ó tẹ́ páálí síbẹ̀, ó da erùpẹ̀ àti ewé jíjẹrà lé e. Ìgbẹ́ màlúù tó pò mọ́ ọn ló wá jẹ́ tútù. Ìgbẹ́ náà jó ẹ̀fọ́ pa, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ọgbà.

"Bàbá, àwọn ayálégbé mi ti ń sọ pé àwọn á kó jáde."

"Ẹ ò rí i? Pátákó yín ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Lẹ́yìn èyí ló sá ìgbẹ́ sóòrùn títí ó fi gbẹ, kó tó gbin ẹ̀fọ́ mìíràn. Ẹ̀fọ́ náà hù dáadáa. Ṣùgbọ́n pákó ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹrà, ó sì fẹ́ wó. Lọ́jọ́ kan Láńlọ́ọ̀dù kọjá, ó rí i pé aṣọ ni wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná bàbá.

"Ilẹ̀kùn mi dà?"

"Kò jáde nínú ọgbà yín."

Ilẹ̀kùn náà ló dá ẹ̀gbẹ́ ebè dúró, tòun ti ọwọ́ rẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù yíjú padà, ó lọ mú òòlù. Ó ní òun á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lónìí.

Bó ṣe ń padà bọ̀ ni màmá jáde. Ó ń tọ ògiri bọ̀, abọ́ lọ́wọ́. Ó dúró ti àpótí, ó já ewé kan, ó já òmíràn.

"Láńlọ́ọ̀dù, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wò mí, mi ò bẹ̀rẹ̀."

Láńlọ́ọ̀dù wo màmá, ó wo òòlù. Ìṣó kan yọrí lára ilẹ̀kùn. Ó gbá a wọlé, ó bá tiẹ̀ lọ.

Àlùmọ́gàjí tí bàbá fi ń gẹrun ló wá fi ń gé tẹ̀tẹ̀. Bó bá gé e, á tún rú. "Oníbàárà tí mo ti ń wá láti ìgbà èwe mi nìyí," ni bàbá máa ń wí. "Mo gé e, kò jà, ó tún padà wá."

Òjò ọdún kejì ló ń rọ̀ nígbà tí bàbá sùn tí kò jí. Kò sẹ́ni tó rántí ebè. Tẹ̀tẹ̀ ga, ó rí wúruwùru bí orí ẹni tí onígbàjámọ̀ rẹ̀ rìnrìn àjò. Láńlọ́ọ̀dù wò ó títí, kò lè mú un mọ́ra. Ó mú àlùmọ́gàjí níbi tí bàbá máa ń gbé e kọ́ sí, lára ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Màmá ń gbé abọ́ tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ náà, akunlé wà lórí àkàbà, ó ń tún pátákó kùn nítorí ó ti ṣá.

"Láńlọ́ọ̀dù, ṣé kí n fi àmì sí i báyìí?"

Láńlọ́ọ̀dù kò gbójú sókè. "Má fi sí i. Ibi tí àmì ò sí yẹn ni bàbá gbà wọlé."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, kò sì bẹ̀rẹ̀.