Àkùkọ Kérésì Tó Dúró De Àlàájì

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nítòsí ELWA Junction ní Monrovia níbí, ọmọ kan fẹ́ àbẹ́là pa, èéfín rẹ̀ sì gba iwájú mi kọjá. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó tì mí ń tẹ fóònù yín. Èmi ti padà di ọmọdébìnrin kékeré nínú ilé páànù tí a gbé ní àdúgbò Slipway.

Tíṣà ìṣirò ni bàbá mi, ọmọ Iléṣà, Kìrìsìtẹ́nì paraku. Àlàájì tí a jọ ń gbé agbo ilé kan jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, aṣọ ló ń tà ní ọjà Waterside. Ọmọ rẹ̀, Sídí, ni ọ̀rẹ́ mi. A jọ ń jẹ, a jọ ń jà, wọ́n sì jọ ń nà wá. Àlàájì ló máa ń dúńbú àkùkọ Kérésì wa lọ́dọọdún, kí ilé méjèèjì lè jùmọ̀ jẹ ẹ́. Bàbá mi kì í fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ó ní ìṣirò lòun kọ́, òun ò kọ́ adìẹ pípa.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1985, Àlàájì kó aṣọ lọ sí Ganta, ìlú kan ní òkè Liberia lọ́hùn-ún. Kò tíì padà tí àwọn sójà kan fi gbìyànjú láti gbàjọba, tí kò bọ́ sí i fún wọn. Ìlú dàrú. Géètì sójà kún gbogbo ọ̀nà, kónílé-ó-gbélé dé, ohun tí àwọn tó ń ti òkè bọ̀ ń sọ nípa àwọn tí sójà ń pa kò sì jẹ́ kí Ìyá Sídí lè gbé oúnjẹ mì. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà.

Inú rògbòdìyàn yìí ni Ádífẹ́ǹtì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a fi ń dúró de Kérésì, bá wa. Màmá mi fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe òrùka, ó to àbẹ́là mẹ́rin sí i, ọ̀kan fún ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Ilé la ti ń gbàdúrà ìrọ̀lẹ́, Sídí àti ìyá rẹ̀ á sì wá jókòó tì wá, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n láti dá wà.

“Ta lẹ ń dúró dè, mà?” Sídí bi màmá mi.

“Ọmọ Aládé Àlàáfíà ni.”

“Ìgbà wo ni wọ́n máa dé?”

“Tí a bá ti tan ẹ̀kẹrin, ó kù dẹ̀dẹ̀ nìyẹn.”

Lójú Sídí, bàbá òun ni wọ́n ń sọ. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń sáré ti fèrèsé kí atẹ́gùn má bàa pa iná wa.

A tan ẹ̀kẹrin. Kérésì dé. Àlàájì kò dé. Sídí sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá mi ṣe ọkàn akin, ó mú ọ̀bẹ lọ bá àkùkọ, màmá mi sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. “Tíṣà, ẹ fi í sílẹ̀. Kérésì tiwa ò tíì dé.” Ìrẹsì lásán la jẹ. Ọdún tuntun wọlé, àkùkọ ń sanra, ó ń kọ lórí páànù bí onílé. Bàbá mi ní àkùkọ náà nìkan ló rí àlàáfíà ní gbogbo Monrovia. Nírọ̀lẹ́, màmá mi ṣì ń tan ìwọ̀nba àbẹ́là tó kù, Ìyá Sídí ń fa tẹ̀súbáà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní ni Má Kẹ́bẹ̀, ọmọ Liberia tó ń ta ẹja ládùúgbò wa, pariwo láti ìta: “Sídí! Your pa na come-o!” Bàbá rẹ̀ ti dé. Ìdílé kan ní Ganta ló fi Àlàájì pamọ́ títí ọ̀nà fi rọ̀. Ìyá Sídí kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Sídí di agbádá bàbá rẹ̀ mú, ó ń bá a jà: “Ẹ pẹ́ jù, Pápá! A ti tan ẹ̀kẹrin tipẹ́!” Àlàájì ń wò wá, kò mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ló ṣe Bìsìmílà, tó dúńbú àkùkọ. A jẹ Kérésì.

Ogun ńlá dé lẹ́yìn náà, ó tú wa ká. Ṣọ́ọ̀bù ló wà níbi agbo ilé wa báyìí. Ọ̀fà ni Àlàájì ti darúgbó, tó sì kú sórí ibùsùn rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Sídí ṣì ń pè mí, a ṣì ń jà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa ń sọ pé àlàáfíà ń pẹ́. Ó ń pẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ó ń bọ̀, ẹnu ọ̀nà ni èmi ń wò, torí ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí Àlàájì lọ́jọ́ náà, tó rù hangogo, tó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi fún òun mu.