Rọ́gíbì Òwúrọ̀ Sátidé

Kí ni obìnrin Yorùbá kan ní Richton Park ń wá nídìí rọ́gíbì? Bí wọ́n ṣe máa ń bi mí nìyẹn, ẹ̀rín á sì ti gba ẹnu wọn kí n tó dáhùn. Kí a tó kó wá sí Amẹ́ríkà, mo ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òjò kì í fẹ́ẹ́ dá. Tọkọtaya àgbàlagbà kan ló gbà mí sí yàrá òkè ilé wọn. Òyìnbó ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi ń pè wọ́n ní Bàbá àti Màmá, nítorí ẹnu mi kò gbà á láti máa pe ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Nígbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, ó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì ń gbá rọ́gíbì lópin ọ̀sẹ̀. Imú rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí rẹ̀ òsì sì wú bí àkàrà.

Kò tíì pẹ́ tí mo débẹ̀ tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan láti po tíì, mo bá a níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Jókòó níbí, kí n kọ́ ẹ ní ohun tó dáa." Mo jókòó. N kò tíì dìde níbẹ̀ títí dòní.

Oríṣi rọ́gíbì méjì ló wà. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tiwa jẹ́ ti ènìyàn mẹ́tàlá, eré àwọn awakùsà àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ. O kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni wàá jù ú sí, síbẹ̀ iwájú lò ń lọ. Bí wọ́n bá wó ọ lulẹ̀, wàá dìde, wàá fi gìgísẹ̀ yí bọ́ọ̀lù sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ, eré á sì máa lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n lè wó yín bẹ́ẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tòhún. Kò sáyè ìmẹ́lẹ́ níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo dé ibí tí mo kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, mo rò pé tẹlifíṣọ̀n wa ló bàjẹ́. Wọ́n á sáré díẹ̀, wọ́n á dúró. Wọ́n á polówó ọkọ̀. Wọ́n á tún sáré díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á polówó oògùn kan, wọ́n á sì ka gbogbo àìsàn tí oògùn náà lè fà. Ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n tún wà, èyí tí wọ́n ti jọ fẹnu kò lé lórí kí wọ́n tó wọ ojú agbo. Èyí tí n kò tiẹ̀ lè gbà rárá ni ti àwọn tí wọ́n ń kó ènìyàn jọ sínú ilé kan, tí wọ́n á máa dúró kí wọ́n jà, kí wọ́n sunkún, kí ayé lè rí nǹkan wò.

Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Aurora, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣubú níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, tó ń yí gbirigbiri lórí koríko, mo máa ń ní, "Ẹ wò ó, wọ́n ti pa á o. Ẹ gbé pósí wá."

Á ní, "Tìrẹ ńkọ́? Ṣé eré nìyẹn, àbí ìjà ìgboro?"

Mo máa ń dá a lóhùn pé tiwa kò ní ẹ̀tàn nínú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú rẹ̀ á nù ún, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń yangàn fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn.

Ọ̀sán tiwọn lọ́hùn-ún ni òwúrọ̀ tiwa, nítorí náà òwúrọ̀ Sátidé ni eré máa ń bọ́ sí fún mi. Èmi àti Bàbá kì í jẹ́ kó kọjá. A ó pe ara wa lórí fídíò, á gbé fóònù tirẹ̀ ti abọ́ èso, èmi á gbé tèmi ti agolo mílíìkì, a ó sì jọ máa wo eré kan náà. Ẹ̀gbẹ́ mi lórí àga ni ọmọbìnrin mi dàgbà sí, tòun ti abọ́ dòdò àti ẹyin rẹ̀. Kó tó mọ ìwé kà dáadáa ló ti ń bá rẹfirí jiyàn. Bàbá á gbọ́ ohùn rẹ̀, á ní, "Ọmọ yẹn lóye eré ju àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ."

Àìsàn Bàbá kò dé pẹ̀lú ariwo. Bàbá bèèrè iye àmì tí wọ́n ti gbà, mo sọ fún un, ó tún bèèrè. Àgbà wo ni kì í gbàgbé? Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yin ẹnì kan lórí pápá, ó ní ẹ wo bó ṣe ń sáré. Mo mọ ẹni tó ń sọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri wọn, ó sì ti kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Màmá tó wà lẹ́yìn àga wò mí lójú nínú fóònù.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti dé, n kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Bàbá tẹjú mọ́ mi títí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo lẹ máa jẹ́ kí n padà sórí pápá?"

Mo ní, "Bàbá, èmi ni. Èmi tí mo gbé yàrá òkè."

"Mo mọ̀," ó dáhùn pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. "Ẹ sọ fún kóòṣì pé ara mi ti yá. Orí ò fọ́ mi mọ́."

Àwọn tí rọparọsẹ̀ bá jà àti àwọn tó fi orí ṣèṣe ni à ń tọ́jú níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Tinley Park. Ẹnì kankan kò ní láti sọ ohun tí mo rí fún mi. Nígbà tí Màmá pè mí lẹ́yìn tí wọ́n ti ibi àyẹ̀wò dé, ó ní dókítà sọ pé kò sẹ́ni tó lè búra pé eré náà ló fà á, ṣùgbọ́n orí tí wọ́n ti gbá tó bẹ́ẹ̀, fún ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò lè lọ láìsan gbèsè. Ó wá ní, "Bí wọ́n bá gbá a dákú láyé ìgbà yẹn, wọ́n á fi oògùn olóòórùn líle kan sí i nímú, á fà á, á jí, wọ́n á tì í padà sínú eré. Gbogbo wa á pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ọmọ mi."

Inú oṣù yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ní Aurora pè wá sílé rẹ̀ láti wá wo àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Àgbà ni lára àwa tí a wà níbí, ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é. Ilé kún, apá adìẹ oníata wà, sùyà wà, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Nígbà tí wọ́n dá eré dúró kí olórin kan wá kọrin láàárín iná àti èéfín, ẹ̀gbọ́n gba rímóòtù, ó so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ wá wo eré yín o!"

Fídíò tí wọ́n ń pín kiri lórí Wásáàpù ni. Wọ́n gbá ọmọkùnrin kan lórí nínú rọ́gíbì, ó ṣubú, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ó ń ta gbọ̀ọ́n-gbọ̀ọ́n bí ọ̀mùtí, ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan dì mú nínú afẹ́fẹ́. Ẹnì kan ti fi orin ijó sí i, ó wá dà bíi pé ó ń jó. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un fi hàn. Wọ́n tún un fi hàn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

"Ah-ah, ìyàwó wa. Àwàdà mà ni."

"Ọmọ yẹn ò mọ ibi tó wà, sà. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń gbọ̀n yẹn. Ìyá rẹ̀ lè máa wò ó."

Ẹ̀gbọ́n kò bínú. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tó sọ pé, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń pariwo 'gbá a mọ́lẹ̀, gbá a mọ́lẹ̀' láràárọ̀ Sátidé? Ọkọ yín ti sọ fún wa. Kí wá ni ìyàtọ̀?"

Mo lọ sí kíṣìnì bíi pé omi ni mo fẹ́ mu, mo sì dúró síbẹ̀ títí olórin fi kúrò lórí pápá. Nínú mọ́tò, ọkọ mi ní kí n má gbé e sọ́kàn, ẹ̀gbọ́n kò ní èrò ibi.

Mo ní, "Mo mọ̀. Òótọ́ ló sọ. Òun ló ń dùn mí."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ tí mo fi ń yangàn. Ẹni tó ń ṣe bí ẹni pé òun fara pa, mo ti bú u títí. Ẹni tó fara pa tó ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan, òun ni mo sọ di akọni. Èwo nínú wọn ló ń pa irọ́ tó burú jù?

Ní ti Màmá, ó ti pinnu pé rọ́gíbì kò ní wọ ilé òun mọ́. Ó ká fọ́tò kúrò lára ògiri, ó sì ń yí tẹlifíṣọ̀n sí ètò oúnjẹ sísè lọ́jọ́ Sátidé. Mo rò pé ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó pè mí, ó ń sunkún. Ó ní tó bá ti di ọ̀sán Sátidé, Bàbá á máa tú ilé, á máa wá bàtà eré rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti nínú àpótí, á ní wọ́n ti lọ láìmú òun dání. Kò jẹun, kò jókòó.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ni ẹ́. Sọ fún mi. Ṣé kí n tan eré náà fún un?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ohun tó bà á jẹ́ náà ni kò jẹ́ kó sinmi, òun náà ló sì ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo ní, "Ẹ tàn án, Màmá. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

A jọ wò ó. Bàbá jókòó, kò wá bàtà mọ́. Láìpẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Apá ọ̀tún." Bọ́ọ̀lù lọ sápá ọ̀tún. "Á ta á sókè báyìí." Wọ́n ta á sókè. Ọkùnrin tí kò mọ orúkọ aya rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Màmá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e léjìká. Omi ń dà lójú rẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ti ayọ̀ ni tàbí ti ìbànújẹ́. Èmi náà kò mọ ti tèmi.

Nígbà ìrúwé ni ọmọbìnrin mi wọ mọ́tò lẹ́yìn ilé-ìwé, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní àwọn ọmọbìnrin kan ti dá ẹgbẹ́ rọ́gíbì sílẹ̀ ní apá Tinley Park. Òun ti lọ wò wọ́n, kóòṣì sì yin òun pé òun yára gan-an.

Mo ní, "Rárá."

Ó rò pé mo ń ṣeré ni. "Mọ́mì, I'm serious."

"Èmi náà ò ṣeré. Orí ẹ ni mo ń rò. O rí Bàbá lórí fóònù, ṣé o rò pé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ayé nìyẹn?"

Kò pariwo nígbà tó dáhùn. "So ó dáa kí ọmọ ẹlòmíì máa fara pa, kí àwa máa jẹ dòdò, ká máa wò ó. Ṣùgbọ́n èmi ò gbọdọ̀ ṣe é. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Mọ́mì. Ẹ̀yin náà ni."

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yẹn rí, ní ilé ẹ̀gbọ́n. Mo kàn tún sọ pé rárá, ohùn mi sì le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Ọkọ mi ló wá bá wa dá a. Ó lọ bá kóòṣì sọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹgbẹ́ kejì wà tí wọn kì í ti wó ara wọn. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn ọ́, o ti dúró nìyẹn. Ọmọ náà gbà láti lọ, láìrẹ́rìn-ín. Mo ti lọ wò ó. Ó yára lóòótọ́, ó ń yọ́ láàárín wọn bí ẹja. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń mu omi, mo máa ń rí i tó dúró létí pápá, tó kọjú sí pápá kejì níbi tí àwọn yòókù ti ń wó ara wọn lulẹ̀, tí wọ́n ń dìde, tí ẹrẹ̀ bo eékún wọn.

Kì í bá mi jókòó mọ́ láràárọ̀ Sátidé. Èmi ṣì ń pe Bàbá. Bí eré bá ti le jù, mo máa ń yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀, n kì í sì pariwo mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí èmi àti ọmọ mi ṣe ń bọ̀ láti ibi ìdárayá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, tí mo bá pé eighteen, mo máa gbá gidi ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni."

Mo ní, "Mo gbọ́."

Ó ti retí pé màá jiyàn. Ó wò mí títí, ó wá yíjú sí fèrèsé. Mo sì ń wa mọ́tò lọ.