Èènì Tí Ọ̀gá Mi Dà Padà

Ọjọ́ tí àwọn ìyá elépo Ìfọ̀nyìn gbé kèrègbè wọn kúrò níwájú ọ̀gá mi, mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ògbufọ̀ ni mí nígbà náà, kí àwọn Faransé tó dé bá wa. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá mi, Bàbá Fẹlípẹ̀. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ sí Kúbà ní kékeré. Irun rẹ̀ ti funfun kó tó padà wá máa ra epo. Èdè Sípéènì nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà lọ ilé-ìwé àwọn fadá ní Àjàṣẹ́ títí pàṣán fi lé mi jáde, Potogí díẹ̀ tí mo rí kó níbẹ̀, tó jọ Sípéènì, ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ mí di ọ̀mọ̀wé: echar. Bí a bá ń da epo sínú àgbá, “Echa!” ni. Bí ajá bá wọ ìsọ̀, tó ní kí n lé e síta, echar náà ni. Bó bá fẹ́ na ẹ̀yìn sórí ẹní, echar. Bó bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó máa echar ọwọ́ fún mi. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn jẹun pẹ́. Ajá ìsọ̀ wa pàápàá gbọ́ Sípéènì jù mí lọ.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nìyí. Bí elépo bá wọn epo tán, yóò bu díẹ̀ lé e, èènì nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá mi rò pé Ìyá Àbẹ̀kẹ́, olórí wọn, ṣì í wọ̀n. Ó bu èènì náà, ó dà á padà sínú kèrègbè rẹ̀. Gbogbo elépo gbé kèrègbè wọn kúrò níwájú wa.

“Àjàní,” ni ìyá náà pè mí, “ṣé ọwọ́ mi ń rùn ni?”

“Rárá o, ìyá. Kò mọ̀ ni.”

“Àgbàlagbà tí kò mọ èènì! Kó di ẹrù rẹ̀, kó padà sínú òkun tó ti wá.”

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó tà fún wa. Àgbá wa gbẹ títí alángbá fi kó ìyàwó wọ inú rẹ̀. Ọ̀gá mi ní bí ọjà mìíràn bá tún lọ bẹ́ẹ̀, òun yóò fi Ìfọ̀nyìn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ibòmíràn tí yóò lọ.

Mo jókòó tì í. “Bàbá, ẹni tó bá fún yín ní èènì ń sọ pé kẹ́ ẹ padà wá ni.”

Ó wá ní, “Echo de menos a mi madre.” Mo gbọ́ “ìyá” àti echar níbẹ̀, mo bi í pé ibo ló ń da ìyá rẹ̀ sí? Ó mirí. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní bí ọkàn ènìyàn bá ń wá ẹni tí kò sí nítòsí, echar náà ni wọ́n ń pè é. Elépo ni ìyá rẹ̀.

Mo kọ́ ọ ní gbólóhùn kan. Nígbà tí ọjà pé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ó na igbá òfìfo sókè: “Ìyá, ẹ fún mi ní èènì.”

“Èènì kẹ̀? Kí lo rà?”

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ náà rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀, ó sì da epo sínú igbá náà títí ó fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ọ̀gá mi fi ìka tọ́ ọ wò. Ó bú sẹ́kún, ó sì kígbe.

“Kí ló wí, ògbufọ̀?” ni ẹnìkan bi mí láti ẹ̀yìn.

Mo ní iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn, Yorùbá ló sọ. “Yèyé mi o” ló ń pè.